Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́rin ni kẹ́ ẹ máa fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀: kí lẹ máa fi ọjọ́ karùn-ún ṣe?

Tísà_Lágere · Sọ́ńdè, 9:40 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ̀yin ará Iléṣà. Ìbéèrè kan ni mo ní, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi. Mo ń ṣe tísà níléèwé àdáni kan níbí, mi ò ní dárúkọ wọn torí owó oṣù mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Mọ́ńdè sí Fúráìdè, tó bá ti di aago méje ààbọ̀ tó ò tíì fọwọ́ síwèé, wọ́n ti gé nínú owó ẹ nìyẹn. Aago mẹ́rin la ń ṣíwọ́, àwa tá a ní SS3 ń ṣe lẹ́sìn lọ di márùn-ún ààbọ̀. Ìyẹn ò dùn mí púpọ̀. Oṣù tó kọjá ni mádáàmù wa wá kéde pé Sátidé náà ti di ọjọ́ lẹ́sìn, aago mẹ́jọ sí aago kan, kọ́bọ̀ ò sì gorí owó oṣù. Ẹnì kan bi í pé ìgbà wo la máa wá fọṣọ, ó ní "ṣebí Sọ́ńdè wà níbẹ̀".

Àná mo jókòó ti ìwé àwọn ọmọ mò ń mákì, mo kàn gbé fóònù pé kí n fi sinmi ojú díẹ̀, ni mo bá rí ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìlú Ọba. Pé láàárín June sí December 2022, iléeṣẹ́ 61, òṣìṣẹ́ bíi 2,900, wọ́n gbé wọn sórí ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, owó oṣù wọn ò sì dín. Nígbà tí wọ́n dán an wò tán, 56 nínú iléeṣẹ́ yẹn ní àwọn ṣì ń bá a lọ. Iye ọjọ́ tí wọ́n ń gbà sílé nítorí àìsàn fi 65% wálẹ̀. Mo ju bírò pupa sílẹ̀ ni mo ń wojú àjà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ká ní wọ́n fún yín ní odindi ọjọ́ kan sí i tówó ò dín, kí lẹ máa fi ṣe? Ẹ má sọ pé ẹ máa sùn o. Oorun ló kọ́kọ́ wá sí èmi lọ́kàn, ojú sì tì mí.

Ìyá_Aláta_OdòÒgbè · 10:02 alẹ́

Tísà ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ yín pa mí lẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ fún èmi ní ọjọ́ mẹ́rin? Tòmátì ò mọ Fúráìdè. Ẹ wá wò mí láàárọ̀ kùtù tí ọkọ̀ òkè Ọya bá dé, tẹ́ ẹ bá ṣí apẹ̀rẹ̀ ti òkè á pupa yòò bí ojú ìyàwó, kí ẹ wá tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, omi. Kíá la máa ṣà á: èyí tó le lọ́tọ̀, èyí tó ti ń rọ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀ṣà lọ́tọ̀. Èyí tó rọ̀ yẹn, òní nìkan ló ní. Bí mo bá lọ gba ọjọ́ ìsinmi, gbogbo ẹ̀ á ti di ẹ̀ṣà kí n tó dé, àwọn oníbùkà á wá máa dá a lówó bí ẹni ń ṣe mí lóore. Ẹni tó bá ń gba owó oṣù ló lè ka ọjọ́. Àwa owó òòjọ́, ọjọ́ ló ń kà wá.

Ọmọ_Ọwá_Télọ̀ · 10:15 alẹ́

Ìyá Aláta ẹ wí i re. Ẹ̀yin oníwèé yìí ẹ máa ń rí nǹkan kà ṣá. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, ohun tí wọ́n fi tọ́ mi nìyẹn. Bàbá tó bí bàbá mi lọ́mọ, òṣómàáló ni, aṣọ ló ń rù láti Iléṣà yìí láti abúlé dé abúlé, á tà á láwìn, ọjọ́ owó bá pé á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, ó ní òṣó lòun máa ló títí owó á fi jáde. Ṣé ẹ ro pé ó ń bi ara ẹ̀ pé ṣé Fúráìdè ni àbí Sátidé? Ibẹ̀ náà ló máa wà tí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi fúnra mi ọjọ́ méje ni mo fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, tó bá kù díẹ̀ kọ́dún dé mo máa ń sùn síbẹ̀ ni, lórí aṣọ oníbàárà gan-an 😂 ẹ má sọ fún wọn.

Nọ́ọ̀sì_Ìjámọ̀ · 10:21 alẹ́

Bọ̀dá Télọ̀, ṣé aṣọ ọdún Ìwúde mi wà nínú èyí tẹ́ ẹ ń sùn lé? Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tẹ́ ẹ ti ní kí n wá gbà á "lọ́jọ́ Sátidé".

Ọmọ_Ọwá_Télọ̀ · 10:23 alẹ́

Àǹtí nọ́ọ̀sì, bọ́tìnnì ló kù.

Akẹ́kọ̀ọ́_Aláwàdà · 11:05 alẹ́

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ jẹ́ n dá sí i díẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún tá à ń bú yìí náà, ẹ má rò pé ọ̀run ló ti já bọ́. Ní 1926 ni Henry Ford sọ pé àwọn tó ń ṣe mọ́tò fún òun ò ní wá lọ́jọ́ Sátidé mọ́, owó wọn ò sì dín. Kì í ṣe àánú lásán o, òun fúnra ẹ̀ sọ pé ẹni tí ò bá ráyè jáde, kí ló fẹ́ fi mọ́tò ṣe? Ṣáájú ìyẹn, ní 1919, àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ILO, fẹnu kò pé wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, 48 lọ́sẹ̀, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ọrọ̀ ajé kan sì wà, Keynes, ní 1930 ló kọ ọ́ pé tó bá tó ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, wákàtí 15 lọ́sẹ̀ á tó èèyàn. 2030 ti dé tán báyìí, Tísà ní Sátidé náà ti di ọjọ́ lẹ́sìn 😭

Ilé wa níbí náà wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kàdúná, December 2021, wọ́n gbé iṣẹ́ ìjọba sórí aago mẹ́jọ sí márùn-ún, Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè, wọ́n ní kí wọ́n máa ti ilé ṣe ti Fúráìdè kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni pé mo ti ní àyè rí, mi ò sì gbádùn ẹ̀. 2022 táwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, February títí dé October, oṣù mẹ́jọ gbáko. Oṣù kìíní mo sùn. Oṣù kejì mo wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tó di oṣù kẹrin, tí màámi bá kọjá lára mi nínú pálọ̀, wọ́n á kàn mí ìmí ẹ̀dùn bí ẹni tó kọjá lára òkú. Mo wá lọ ń bá wọn rọ búlọ́ọ̀kù ní Parákin. Àyè pọ̀ lọ́wọ́ mi, owó ò sí, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Kí ni wọ́n ń pe irú ẹ̀?

Gbẹ̀yìnbọ̀rọ̀ · Mọ́ńdè, 7:10 àárọ̀

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa. Níléeṣẹ́ ìjọba lọ́dọ̀ wa, ṣé kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin náà ni wọ́n ń ṣe? Ẹ dé ọ́fíìsì kan lọ́jọ́ Fúráìdè lẹ́yìn aago méjìlá kẹ́ ẹ wò ó, musulumi ti lọ Jímọ̀, kìrìsìtẹ́nì náà ti tẹ̀ lé e lọ Jímọ̀. Ó kù kí òyìnbó wá kọ́ wa. Kì í ṣe lásán la ṣe ń pè é ní ọjọ́ Ẹtì.

Bàbá_Pẹ́ńṣàn_Ìlódè · 8:30 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àárọ̀. Ọmọ mi ló bá mi ṣí èyí sórí fóònù, mo sì ti ń kà á láti òru.

Ẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́rin bí ẹni pé Ìlú Ọba ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tiwa gan-an, ọjọ́ mẹ́rin ni. Ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta, ọjọ́ Ọbàtálá, ó yí po. Ẹnì kan á ní ṣebí ọrún la ń pè é, ọrún sì jẹ́ márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni, torí a máa ń ka òní mọ́ ọn. Ọjà ìtàdógún náà, bí òyìnbó bá ṣírò rẹ̀, mẹ́rìndínlógún ni yóò bá níbẹ̀. Ọjọ́ méje tó wá bá wa yìí, ẹ̀sìn àti ìjọba ló gbé e dé.

Nísinsìnyí ẹ gbọ́ èyí. Bàbá bàbá mi jẹ́ olórìṣà, Ọbàtálá ni wọ́n ń bọ nílé wọn. Bí ọjọ́ náà bá kò, bàbá kò ní mú àdá, kò ní mú ọkọ́. Yóò wẹ̀, yóò wọ aṣọ funfun, yóò jókòó. Bí èpò tilẹ̀ fẹ́ gbé iṣu mì lóko, kò sí ẹni tó jẹ́ sọ pé "bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi jókòó". Ìdí ni pé ọjọ́ náà ní oní-ǹkan. Òrìṣà ló ni ín. O ò lè ti ọwọ́ bọ àpò òrìṣà kí o mú ọjọ́ rẹ̀ lọ. Sọ́ńdè náà nìyẹn, Ọlọ́run ló ni ín, ìyẹn ni mádáàmù tísà kò tíì fi lè mú un. Sátidé ni kò ní baba.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ọdún márùndínlógójì, mi ò gba líífù pé ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ. Mo ń tọ́jú rẹ̀ ni, mo ní ọjọ́ kan ń bọ̀. Ọjọ́ tí mo fẹ̀yìn tì ni mo wá rí i pé àwọn ọjọ́ yẹn kò sí níbì kankan, wọn kò kó wọn pamọ́ dè mí.

Ọmọ_Ọwá_Télọ̀ · 8:44 àárọ̀

Bàbá mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dáhùn ìbéèrè kan, ṣé òótọ́ ni pé ojoojúmọ́ ayé ni wọ́n ń bọ òrìṣà ní Ifẹ̀, àfi ọjọ́ kan péré lọ́dún tí wọn kì í sọ fún ẹnikẹ́ni?

Bàbá_Pẹ́ńṣàn_Ìlódè · 8:51 àárọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí.

Ọmọ_Ọwá_Télọ̀ · 8:52 àárọ̀

Ìyẹn ni pé àwọn òrìṣà gan-an, ọjọ́ ìsinmi kan lọ́dún ni wọ́n ní, Tísà wá ń bẹ̀bẹ̀ fún méjì lọ́sẹ̀ 😂😂

Tísà_Lágere · 9:15 àárọ̀ (mo wà ní staff room, ẹ má sọ fún wọn)

Bọ̀dá Télọ̀, ẹ ò ní pa mí. Àwa Ifẹ̀ ò tiẹ̀ ní bá ará Iléṣà jà lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò rídìí ìṣáná tẹ́ ẹ fi ń mú iná ilé roko.

Bàbá, ẹ ṣé gan-an, ọ̀rọ̀ líífù yẹn wọ̀ mí lára.

Marúwá_Sábó · 12:37 ọ̀sán

Mo kàn dúró gbé pasẹ́ńjà ni o. Èmi ò ni kẹ̀kẹ́ tí mò ń wà. Ọjọ́ mẹ́fà ni ti ọ̀gá, owó dẹlífà gbọ́dọ̀ pé lójoojúmọ́, bóyá òjò rọ̀, bóyá epo wọ́n. Sọ́ńdè ni tèmi, ohun tí mo bá pa lọ́jọ́ yẹn, àpò mi ló ń wọ̀. Ẹ wá rí i báyìí pé ọjọ́ tí gbogbo ayé ń sinmi gan-an ni ọjọ́ tí mo máa ń ṣiṣẹ́ jù, aago márùn-ún ìdájí mo ti wà lójú títì, mò ń kó àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Tẹ́ ẹ bá fún mi ní ọjọ́ kan sí i, ojú títì náà ni mo máa fi wà. Mo máa ń rò ó pé tí kẹ̀kẹ́ yìí bá di tèmi, Tọ́sìdeè ni mo máa máa fi sinmi. Mi ò mọ̀dí ẹ̀, Tọ́sìdeè ṣá ni mo fẹ́.

Ọmọbìnrin_Ìsọ̀kùn · 2:20 ọ̀sán

Mo ti ń ka èyí láti àárọ̀, mo ní n má dá sí i, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé èmi nìkan ni mo ti ní ohun tí Tísà ń bèèrè níbí. Iléeṣẹ́ kan ní òkè òkun ni mò ń bá ṣiṣẹ́, látinú yàrá mi ní Iléṣà, mo máa ń dá àwọn oníbàárà wọn lóhùn lórí kọ̀ǹpútà. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti ní ká má wá mọ́ lọ́jọ́ Fúráìdè. Owó ò dín. Mo jó níjọ́ tí wọ́n kéde ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bí Fúráìdè àkọ́kọ́ ṣe rí. Mo ti ra ẹyin, mo ti ra búrẹ́dì, mo ní mi ò ní dìde títí di aago mẹ́wàá. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni fóònù dún. Àǹtí mi ni. "Ṣé o wà nílé? Ìyá ẹ ní o ò níṣẹ́ lónìí, jọ̀ọ́ bá mi gbé ọmọ yìí lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára." Mo gbé e lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, ará ilé wa ní kí n bá òun dúró de ẹni tó fẹ́ tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ti fi mí sí kọmití ońjẹ torí "Sísítà wa ráyè". Ẹ sì mọ̀ pé Fúráìdè ni àìsùn òkú lọ́dọ̀ wa. Ẹ gbọ́ mi, láàárín oṣù mẹ́ta mo ti bó àlùbọ́sà fún òkú mẹ́rin tí mi ò mọ ojú wọn.

Ohun tí Bàbá sọ ló ṣẹlẹ̀ sí mi. Fúráìdè mi ò ní oní-ǹkan, ẹni tó bá ti rí i ló ń mú un. Tí mo bá sì sọ pé mò ń sinmi, wọ́n á bi mí pé ṣé ara mi ò yá ni. Ẹ wo èdè wa náà kẹ́ ẹ rí i, tí a bá ní ọwọ́ ẹnì kan dilẹ̀, ẹ̀gàn ni. Ẹni tó jókòó ń wo ìta, a ní ó ń ronú. Àti gba àyè, àti jókòó nínú ẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn ń ṣàìsàn tàbí ń ṣọ̀fọ̀, a ò tíì jẹ́ kó bójú mu.

Mo wá purọ́. Kí Ọlọ́run forí jì mí. Mo sọ fún gbogbo wọn pé iléeṣẹ́ ti dá Fúráìdè padà. Láti ìgbà náà mo máa ń ti ilẹ̀kùn, mo á yọ ohùn fóònù, mi ò ní tan jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n má mọ̀ pé mo wà nílé. Fúráìdè kan mo wọ ọkọ̀ lọ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ibi omi Olúmirin, èmi nìkan. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì bi mí lẹ́ẹ̀mẹta, "àwọn tẹ́ ẹ jọ wá dà?" Mo ní èmi nìkan ni. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sómi. Ìpele méje ni omi yẹn ní, mi ò kọjá ìkejì, mo bọ́ bàtà, mo fi ẹsẹ̀ sínú omi títí ìka ẹsẹ̀ mi fi hun jọ bí èpo ìṣápá tó gbẹ. Mi ò ronú nǹkan kan. Mi ò ya fọ́tò. Nígbà tí mo délé mo sùn láìgbé oògùn orí fífọ́ mì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nínú ọ̀sẹ̀ yẹn.

Nọ́ọ̀sì_Ìjámọ̀ · 4:48 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò, ọ̀rọ̀ ẹ wọ̀ mí. Mi ò ní tú ẹ fó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sọ ọjọ́ mẹ́rin, ta ló máa dúró ti aláìsàn lọ́jọ́ karùn-ún? Lọ́dọ̀ wa, wọ́ọ̀dù tó yẹ kó ní nọ́ọ̀sì márùn-ún, àwa méjì ni, àwọn yòókù ti jápa. Ṣíìfù alẹ́ mi tó kọjá, mo jókòó lẹ́ẹ̀kan, ìgbà tí mo fẹ́ kọ ìwé ni. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé kò lè ṣe é ṣe o. Iceland ṣe é láàárín 2015 sí 2019, òṣìṣẹ́ bíi 2,500, ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, iléèwé jẹ́léósinmi wà níbẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ pè é ní ọjọ́ mẹ́rin, wákàtí ni wọ́n dín, láti 40 sí 35 tàbí 36. Lẹ́yìn ẹ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn fi bá ìjọba àtàwọn ọ̀gá ṣàdéhùn, ó di pé nínú òṣìṣẹ́ ọgọ́rùn-ún, bíi 86 ló ti ní in tàbí tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹgbẹ́ ló gbà á. Bí wọ́n bá dín wákàtí tèmi lónìí láìgba èèyàn sí i, aláìsàn ló máa san án.

Àti àwọn Belgium náà, ẹ ṣọ́ra fún irú tiwọn. 2022 ni wọ́n gbà á láyè pé èèyàn lè fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe é, àmọ́ gbogbo wákàtí ọjọ́ márùn-ún náà ni wọ́n máa kì bọ inú mẹ́rin. Ẹrù náà ò fúyẹ́, àpò ló kéré sí i.

Lọ́yà_Kékeré · 6:30 ìrọ̀lẹ́

Tísà, ẹ jẹ́ n sọ ti òfin, mi ò ní pẹ́. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, abala 13, ní láàárín ọjọ́ méje òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi kan, wákàtí 24 tí ò já. Ẹni tó bá sì ṣiṣẹ́ tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ó yẹ kó ní ìsinmi tí gbogbo ẹ̀ máa tó wákàtí kan. Èyí tó bá ju wákàtí àdéhùn lọ, àṣekún ni. Abala 18 ní lẹ́yìn oṣù méjìlá, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà lọ́dún, pẹ̀lú owó.

Ẹ ti ń dunnú? Ẹ dúró ná. "Òṣìṣẹ́" tí òfin yẹn ń sọ, àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àtàwọn akọ̀wé ni. Ó yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé kúrò, wọ́n sì lè ní tísà wà lára wọn. Torí náà ìwé àdéhùn tẹ́ ẹ fọwọ́ sí lẹ máa dì mú. Kí ló sọ nípa Sátidé?

Tísà_Lágere · 6:41 ìrọ̀lẹ́

Ìwé àdéhùn wo? 🙂

Lọ́yà_Kékeré · 6:42 ìrọ̀lẹ́

Hàà.

Ìyá_Aláta_OdòÒgbè · 7:55 alẹ́

Mo tún padà wá. Ọ̀rọ̀ ọmọ Ìsọ̀kùn yẹn ò jẹ́ n ráyè tajà lónìí. Mo fẹ́ yí ohun tí mo sọ àná padà díẹ̀. Mo ní ọjọ́ kan tó jẹ́ tèmi, mo kàn gbàgbé ni. Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ aláta wa, a máa ń ti ìsọ̀ láago méjìlá ọ̀sán, ẹni tó bá ṣí i owó ìtanràn ń bẹ lọ́rùn ẹ̀. Ìpàdé ò tó wákàtí kan. Ìyókù, à ń jẹ, à ń rojọ́, à ń bú ọkọ. Èmi nìkan ò lè ti ìsọ̀ mi o, torí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á gba kọ́sítọ́mà mi. Ìgbà tí gbogbo wa bá tì í pọ̀ ló tó ṣe é tì.

Gbẹ̀yìnbọ̀rọ̀ · 8:10 alẹ́

Màmá, ẹgbẹ́ yín yìí gan-an ló ń jẹ́ kí tòmátì wọ́n.

Ìyá_Aláta_OdòÒgbè · 8:11 alẹ́

Lọ fa ọṣẹ jẹ.

Tísà_Lágere · Sọ́ńdè (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀), 8:05 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn kan ti ń bi mí ní ibi mìíràn pé ibo lọ̀rọ̀ já sí.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Aláta ni mo mú lò. Tẹ́lẹ̀ mo ti fẹ́ lọ bá mádáàmù lémi nìkan, mo ti ń fi ọ̀rọ̀ dánra wò nínú báfùrúùmù. Mo wá lọ bá àwọn tísà yòókù, àwa mẹ́fà la jọ wọlé. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa ló sọ̀rọ̀, ó kúnlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ní a ò kọ iṣẹ́ o mà, ká pín in ni. Ó mú táàmù tébù tí a ti kọ sílẹ̀ jáde: tísà mẹ́ta Sátidé yìí, mẹ́ta Sátidé tó ń bọ̀. Mádáàmù wò ó pẹ́. Ó ní owó ńkọ́, a ní a ò tíì mẹ́nu ba owó. Ó ní ó dáa. Lẹ́yìn tí a jáde ni mo rí i pé ẹ̀rù wa ń ba òun náà díẹ̀, àwa mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Torí náà àná ni Sátidé mi àkọ́kọ́. Mo jí láago mẹ́fà, oorun ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́. Mo fọṣọ. Mo sá a. Mo wá jókòó sórí àga ní fàráńdà, ọwọ́ mi ò mọ ibi tó máa wà, mo gbé fóònù mo tún jù ú sílẹ̀. Bàbá mi yọjú láti inú yàrá wọn, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó ò lọ síbi kankan?" Mo ní rárá. Wọ́n wọlé padà, mo gbọ́ tí wọ́n ń fa nǹkan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wá gbé ọpọ́n ayò jáde, eruku ti bò ó, wọ́n fi etí agbádá wọn nù ún. Ọmọ ayò tí a bá nínú àpò dín méjì, 46 dípò 48. Wọ́n lọ ṣa òkúta kéékèèké méjì nídìí kànga láti fi dí i.

Ogún ọdún ó lé ni a ti ta ayò pọ̀ gbẹ̀yìn. Wọ́n ṣì ń fi ìka kékeré ka ọmọ inú ilé mi kí wọ́n tó ta, wọ́n rò pé mi ò rí wọn. Wọ́n nà mí lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Lẹ́ẹ̀keje mo fẹ́ pa wọ́n, mo ní ọmọ mọ́kànlá nínú ilé kan, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọ̀rẹ́ wọn kan tó kú sí ìrìn àjò, mo gbọ́kàn lọ, ìgbà tí mo padà bojú wo ọpọ́n, ilé mi ti ṣófo.

Màámi ní láti àárọ̀ làwọn ò tíì gbọ́ kí bàbá mi wúkọ́.

Bàbá_Pẹ́ńṣàn_Ìlódè · 8:40 alẹ́

Ìtàn òkú lórí ọpọ́n ayò, èmi náà mọ̀ ọ́n. Sọ fún bàbá rẹ pé Ìlódè ń kí i. Ó lè gbé ọpọ́n rẹ̀ bọ̀ bí àyà bá kò ó.

Ọmọbìnrin_Ìsọ̀kùn · 9:02 alẹ́

Tísà, ẹ ti sọ ohun tẹ́ ẹ fi Sátidé ṣe níta gbangba o. Ẹni tó ń ṣàìsùn òkú ń ka ibí yìí.

Nọ́ọ̀sì_Ìjámọ̀ · 9:10 alẹ́

Ó kú oríire, Tísà. Bọ̀dá Télọ̀ ń wo gbogbo èyí kò sọ nǹkan kan. Aṣọ mi ńkọ́ o?

Ọmọ_Ọwá_Télọ̀ · 9:31 alẹ́

Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú. Ẹ ẹ̀ ní bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́la, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti Mọ́ńdè. Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé.